Tháílàndì: Ìlú tí èrò ọkàn àlejò ti lè di ẹjọ́

Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin ọdún 2025, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Paul Chambers fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní ìlú Phitsanulok, lórílẹ̀-èdè Tháílàndì. Ó ti lé ní 30 ọdún tí ọkùnrin náà ti ń gbé láàárín wọn. Yunifásítì tó wà ní ìlú náà ló ti ń ṣiṣẹ́, ìwádìí lórí ipa tí àwọn ológun ń kó nínú òṣèlú Tháílàndì ló sì yàn láàyò. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó rí ọba fín. Àwọn ológun ló fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni ìkéde kúkúrú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí kan ní Singapore fi kéde ìjíròrò kan tí Chambers fẹ́ bá wọn ṣe. Ọkùnrin náà ní òun kọ́ lòun kọ ọ́. Síbẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé kí wọ́n tó gba onídùúró rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ní àwọn kò ní bá a ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n kí oṣù náà tó parí, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti gba ìwé ìgbélùú rẹ̀, ó sì ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní ìlú tó ti fi ṣe ilé.

Orúkọ Tháílàndì kò ṣàjèjì sí wa. Ó pẹ́ tí ìrẹsì ibẹ̀ ti ń wọ inú ìkòkò wa, àwọn oníṣòwò wa sì ń lọ ra aṣọ ní ọjà Pratunam ní Bangkok, olú-ìlú wọn. Àwọn tó ń polówó ìrìn-àjò afẹ́ a máa pè é ní Ilẹ̀ Ẹ̀rín Músẹ́. Ní ọdún 2019 nìkan, àwọn àlejò tó wọ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 40, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn onílé fúnra wọn jẹ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 70. Nínú àwọn àlejò wọ̀nyí, a rí àwọn tí kò padà sílé mọ́: àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì, olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, akọ̀ròyìn, oníṣòwò, àti àwọn tó fẹ́ ọmọ ibẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ní Tháílàndì, àlejò a máa ríran dáadáa. Ohun tí ẹnu rẹ̀ lè sọ nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí ni wàhálà. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nìyí: irú ọ̀rọ̀ tí àlejò lè sọ kí ó sì sùn nílé, irú èyí tó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n, ìdí tí àwọn onílé fi ṣòfin bẹ́ẹ̀, àti ẹni tí ìyà rẹ̀ ń jẹ jù.

Ohun tí wọ́n ń yìn, ohun tí wọ́n ń kùn sí

Bí ènìyàn bá bá àwọn àlejò tó ń gbé Tháílàndì jókòó, ìyìn ni yóò kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n á yin oúnjẹ ẹ̀bá ọ̀nà tó dùn tí kò sì wọ́nwó, wọ́n á yin sùúrù àwọn ènìyàn ibẹ̀ àti ọ̀wọ̀ tí wọ́n ń fún àgbà. Àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ni àwọn ará Tháílàndì máa ń pa pọ̀ níwájú àyà tàbí ojú láti fi kí ènìyàn, wọ́n ń pè é ní wai. Bí ẹni tí à ń kí bá ṣe ga tó ni ọwọ́ yóò ṣe ga tó, ẹni tó kéré ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí àgbà. Kò yẹ kí ènìyàn fọwọ́ kan orí ẹlòmíràn, kò sì yẹ kí ó na ẹsẹ̀ sí ènìyàn tàbí sí ère Búdà. Ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ àti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, orin orílẹ̀-èdè a máa dún ní àwọn ibùdókọ̀ ojú irin àti gbàgede ìjọba, àwọn tó ń kọjá á sì dúró ṣinṣin títí yóò fi parí.

Lẹ́yìn ìyìn ni kíkùn ń bẹ̀rẹ̀. Òfin kò gbà kí àjèjì ní ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Bí òyìnbó bá fẹ́ obìnrin ibẹ̀, tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra ilẹ̀ tó sì kọ́lé sí i, orúkọ ìyàwó ni ilẹ̀ náà yóò wà. Ó lè ra yàrá nínú ilé alájà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìpín gbogbo àjèjì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 49 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó ń fi ìwé ìgbélùú ọlọ́jọ́ gígùn gbé ibẹ̀ gbọ́dọ̀ máa fi ibùgbé rẹ̀ tó aṣọ́bodè létí ní gbogbo 90 ọjọ́. Ní àwọn ọgbà ẹranko igbó tí ìjọba ń tọ́jú, owó tí àjèjì ń san láti wọlé pọ̀ ju ti ọmọ onílé lọ púpọ̀.

Kò sí ẹni tó ń ti àlejò mọ́lé nítorí irú kíkùn báyìí. Ní ilé ọtí àti ilé oúnjẹ, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ a máa yí padà nígbà tí àlejò bá dárúkọ ẹnì kan tàbí ilé-iṣẹ́ kan.

Bí àlejò bá dárúkọ ẹni

Ní ọ̀pọ̀ ìlú, ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ a máa pe ẹni tó bà á jẹ́ lẹ́jọ́ láti gba owó ìtánràn. Ní Tháílàndì, ìbanilórúkọjẹ́ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn pẹ̀lú. Ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà fún un. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú ìwé, ìwé ìròyìn tàbí ibòmíràn tí gbogbo ayé ti lè rí i ni wọ́n ti gbé e jáde, ó lè tó ọdún méjì pẹ̀lú owó ìtánràn tó tó 200,000 owó baht. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè sọ pé òótọ́ lòun sọ, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Bí kóòtù bá sì rí i pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni náà ni, tí kò ṣe ará ìlú ní àǹfààní kankan, kò ní jẹ́ kí ó tilẹ̀ mú ẹ̀rí wá.

Ní ọdún 2020, olùkọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lọ sinmi ní ilé ìtura kan ní erékùṣù Koh Chang. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ní gbólóhùn asọ̀ lórí ìgò ọtí kan tó gbé wọlé fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà sílé, ó kọ ọ̀rọ̀ tí kò dára nípa ilé ìtura náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń júwe ibi tí wọ́n dé sí. Ilé ìtura náà fẹjọ́ sùn, àwọn ọlọ́pàá mú un, ó sì sun àtìmọ́lé. Ìgbà tó tọrọ àforíjì ní gbangba ni ọ̀rọ̀ náà tó parí.

Ẹjọ́ Andy Hall, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, le ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ kan ní Finland gbé ìwádìí tó ṣe jáde lórí ìyà tó ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ tó wá láti Myanmar ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀pẹ̀-òyìnbó sínú agolo. Ilé-iṣẹ́ náà pè é lẹ́jọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, kóòtù dá a lẹ́bi, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún un ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ó má tíì lọ. Ó fi ìlú sílẹ̀ lọ́dún náà. Ọdún 2020 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé kò jẹ̀bi. Òótọ́ ni pé ó borí, ṣùgbọ́n ọdún méje ni ọ̀rọ̀ náà fi wà lọ́rùn rẹ̀.

Àwọn ológun orí omi náà pe Alan Morison, akọ̀ròyìn ọmọ Ọsirélíà, àti Chutima Sidasathian, ọmọ Tháílàndì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Phuket, lẹ́jọ́ ní ọdún 2013. Wọ́n ní wọ́n tún ìpínrọ̀ kan gbé jáde láti inú ìròyìn Reuters lórí bí wọ́n ṣe ń fi àwọn Rohingya tó ń sá àsálà ṣòwò. Kóòtù dá àwọn méjèèjì sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2015. Kí ọdún náà tó parí, ìwé ìròyìn wọn ti kógbá sílé.

Òfin 112

Gbogbo èyí kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfin tí àwọn ará ibẹ̀ ń fi nọ́ńbà rẹ̀ pè: 112. Ohun tó sọ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ba orúkọ ọba, ayaba, àrẹ̀mọ tàbí adelé ọba jẹ́, tó bú wọn tàbí tó halẹ̀ mọ́ wọn, yóò ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta sí ọdún 15. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìjìyà yìí wà fún. Ẹni tó bá sọ mẹ́ta, ìgbà mẹ́ta ni wọn yóò kà á sí i lọ́rùn. Títí di ọdún 1976, ọdún méje ni ó pọ̀ jù. Àwọn ológun tó gbàjọba lọ́dún náà ló sọ ọ́ di 15.

Ohun méjì ló mú kí òfin yìí yàtọ̀. Èkíní, kì í ṣe ààfin ló ń fẹjọ́ sùn. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ìbáà ṣe aládùúgbò, alátakò nínú òṣèlú tàbí ẹni tí a kò mọ̀ rí, lè gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Èkejì, bí ẹlẹ́ṣẹ̀ bá jẹ́wọ́, kóòtù a máa dín ìjìyà kù sí ìdajì. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń jẹ́wọ́, àní àwọn tí wọ́n gbà pé àwọn kò ṣẹ̀.

Lọ́dún 2007, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún Oliver Jufer, ọmọ Swítsàláǹdì, nítorí pé ó mutí yó ó sì da ọ̀dà dúdú sí àwòrán ọba ní Chiang Mai lọ́jọ́ ìbí ọba. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún Harry Nicolaides, ọmọ Ọsirélíà tó ti ṣe olùkọ́ níbẹ̀ rí, nítorí gbólóhùn díẹ̀ nípa àrẹ̀mọ ọba nínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, ìwé tí 50 péré tẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2011, ó kan Joe Gordon, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Tháílàndì. Ìgbà tó wà ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ní ó túmọ̀ apá kan nínú ìwé Paul Handley nípa ọba, ìwé tí wọ́n ti fòfin dè ní Tháílàndì, tó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tó wá gba ìtọ́jú ní ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n mú un. Ọdún méjì àbọ̀ ni wọ́n dá fún un.

Aṣojú ìjọba ńlá pàápàá kò bọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, Glyn Davies, aṣojú Amẹ́ríkà ní Bangkok, sọ fún àwọn akọ̀ròyìn ilẹ̀ òkèèrè pé ẹ̀wọ̀n gígùn tí wọ́n ń dá fún ará ìlú lábẹ́ òfin náà ń kọ ìjọba òun lóminú. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí bóyá òun náà ti rí ọba fín. Ipò rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú ni kò jẹ́ kí wọ́n lè fọwọ́ kàn án.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá

Ẹni tó bá fẹ́ lóye ìdí tí ọ̀rọ̀ àjèjì fi ń dun àwọn ará Tháílàndì tó bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sí ọ̀rúndún tó ṣáájú èyí tó kọjá, nígbà tí Siam ṣì ni orúkọ ìlú náà. Gẹ̀ẹ́sì ti gba Burma ní ọwọ́ kan, Faransé ń bọ̀ ní ọwọ́ kejì. Siam pàdánù ilẹ̀ púpọ̀ fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kò bọ́ sábẹ́ ìjọba amúnisìn. Àwọn ará Tháílàndì gbà pé ọgbọ́n àwọn ọba wọn ni. Owó tí wọ́n san fún un pọ̀. Nínú àdéhùn tí wọ́n bá John Bowring, aṣojú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ní ọdún 1855, wọ́n gbà pé kóòtù Siam kò ní lè dá ẹjọ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Aṣojú ìjọba rẹ̀ ni yóò dá a. Àwọn ìlú òyìnbó mìíràn gba irú rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìgbà tó di àwọn ọdún 1930 ni Siam tó gba gbogbo àṣẹ ilé-ẹjọ́ rẹ̀ padà tán. Nítorí náà, bí àjèjì bá ní òfin àwọn kò dára, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rántí ni ayé ìgbà tí òyìnbó ń rìn nínú ilé wọn láìsí òfin tó lè mú un.

Wọ́n tún ń rántí Anna Leonowens. Ní ọdún 1862, Ọba Mongkut gbà á láti wá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìwé tí obìnrin náà kọ ní ọdún 1870 ni wọ́n fi ṣe ìtàn àròsọ, eré ìtàgé àti fíìmù lẹ́yìn ọ̀la. Nínú wọn, ọba náà dà bí ọmọdé tí obìnrin òyìnbó ń kọ́ ní ìwà. Bẹ́ẹ̀, ọdún 27 ni Mongkut fi jẹ́ àlùfáà ẹlẹ́sìn Búdà kí ó tó gorí oyè, ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì mọ ìmọ̀ ìràwọ̀ dé ibi pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣírò ọjọ́ àti ibi tí òṣùpá yóò ti bo oòrùn ní ọdún 1868. Ibi tó ti lọ wò ó ló ti kó ibà tó pa á. Tháílàndì fòfin de fíìmù ọdún 1956 àti ti ọdún 1999. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àlejò kan ló fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sọ ọba àwọn di yẹ̀yẹ́ lójú ayé, àtúnṣe kò sì bá a mọ́.

Àwa tí à ń pe ọba ní Kábíyèsí kò ní ṣàìlóye ẹ̀dùn ọkàn yìí. Ṣùgbọ́n ọba tí òfin náà ń dáàbò bò fúnra rẹ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ rí. Ní oṣù kejìlá ọdún 2005, Ọba Bhumibol, tó jọba láti ọdún 1946 títí ó fi wàjà ní 2016, sọ nínú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí rẹ̀ pé àwọn tó ń sọ pé ọba kò lè ṣàṣìṣe kò ka ọba sí ènìyàn ni, àti pé ènìyàn lè bá òun wí. Òfin náà kò yí padà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹnu àlejò kò ṣọ̀kan

Kì í ṣe gbogbo àlejò ló ń bínú sí òfin yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn arúgbó tó wá jẹun ìfẹ̀yìntì wọn, ní àlejò kì í tún ilé onílé tò. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òṣèlú kí ó padà sí ìlú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, inú àwọn kan nínú wọn tilẹ̀ dùn, nítorí pé ìwọ́de tó ti dí ọ̀nà Bangkok fún oṣù mélòó kan dópin. Amẹ́ríkà ní tirẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ìfipágbàjọba náà, ó sì dá lára owó ìrànlọ́wọ́ tó ń fún àwọn ológun dúró.

Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn akọ̀ròyìn àti olùkọ́ yunifásítì, ní ìlú tí ológun ti gbàjọba ju ìgbà mẹ́wàá lọ láti ọdún 1932 nílò ẹni tí yóò sọ òótọ́. Wọ́n ní òfin 112 kì í ṣe ọba nìkan ló ń dáàbò bò. Gbogbo ẹni tó bá lè fara pamọ́ sẹ́yìn ààfin ló ń jàǹfààní rẹ̀. Ẹjọ́ Chambers, tó jẹ́ pé àwọn ológun ló pè é, ẹni tó sì ń kọ̀wé nípa ológun ni wọ́n pè, ni wọ́n ń tọ́ka sí.

Ẹni tí kò ní ilé mìíràn

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó yẹ kí a fi ọ̀ràn àlejò wé ti onílé. Jufer tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá fún kò lò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìdájọ́ tí ọba fi forí jì í, tí wọ́n sì dá a padà sí ìlú rẹ̀. Nicolaides gba ìdáríjì láàárín oṣù méjì. Joe Gordon gba tirẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2012.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ìdájọ́ Gordon, kóòtù Bangkok dá ẹ̀wọ̀n ọdún 20 fún bàbá kan tó ti lé ní 60 ọdún, Ampon Tangnoppakul. Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ní ó fi ránṣẹ́ láti orí fóònù sí akọ̀wé olórí ìjọba, tó sì fi rí ayaba àti ọba fín. Bàbá náà ní òun kò tilẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ara rẹ̀ kò yá. Ó kú sí ẹ̀wọ̀n ní oṣù karùn-ún ọdún 2012, oṣù méjì kí Gordon tó jáde.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àlejò àti onílé nìyẹn. Àlejò ní ìjọba tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀, ó sì ní pápákọ̀ òfuurufú tí yóò gbà lọ. Lẹ́yìn ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2020, àwọn tí wọ́n fi òfin 112 fẹ̀sùn kàn lé ní 270, ọmọ ìlú sì ni wọ́n. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, kóòtù dá ẹ̀wọ̀n ọdún 87 fún obìnrin kan tó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Nítorí pé ó jẹ́wọ́ ni wọ́n ṣe dín in kù sí 43 àti oṣù mẹ́fà. Ní ọdún 2023, ẹgbẹ́ òṣèlú Move Forward, tó ní òun yóò tún òfin náà ṣe, gba ìjókòó 151 nínú 500 ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ó sì ju ti ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, kóòtù tú ẹgbẹ́ náà ká, ó ní bí wọ́n ṣe fẹ́ tún òfin náà ṣe jẹ́ ọ̀nà láti dojú ìjọba ọba bolẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe òtítọ́ pé àjèjì nìkan ló ń ṣàríwísí òfin yìí. Mílíọ̀nù lọ́nà mílíọ̀nù ọmọ onílé ló dìbò fún ẹgbẹ́ tó fẹ́ àtúnṣe.

Ọmọ wa tó bá ń lọ sí Tháílàndì, ìbáà ṣe fún òwò, bọ́ọ̀lù tàbí iṣẹ́ olùkọ́, kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ilé rẹ̀ lè dúró dè é ní pápákọ̀ òfuurufú. Kí ó dìde bí wọ́n bá ń kọ orin ọba ní ilé fíìmù. Kí ó má fi ẹsẹ̀ tẹ owó tó bá já bọ́, nítorí pé àwòrán ọba wà lára rẹ̀. Bí ẹnì kan bá rẹ́ ẹ jẹ ní ọjà tàbí ilé ìtura, kí ó wá ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò kí ó tó dárúkọ onítọ̀hún ní gbangba.

Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ní Tháílàndì, àlejò tí ẹyin tirẹ̀ bá fọ́ lè rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀ padà sílé. Onílé ni yóò dúró sójú kan, tí yóò máa ṣa èèpá ẹyin tirẹ̀.